Ìléròrò ọrùn mi nílé ìyá ọkọ

Ọmọ Ìkìrun ni mí, ṣùgbọ́n Ìnísà ni mo ti ń ṣe tíṣà lọ́dún tí ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ní kí n wá kí ìyá òun l'Ókukù. Ara mi ti ń gbóná díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yìn sì ń yún mi. Mo rò pé ooru ló sú sí mi lára. Mo da àtíkè sí i, mo wọ aṣọ tuntun, àwa méjèèjì wọ lọ́rì.

Bí mo ṣe kúnlẹ̀ tí mo tẹrí ba, ìyá ń ṣàdúrà fún mi lọ́wọ́. Àfi bí wọ́n ṣe dá àdúrà náà dúró, tí wọ́n tẹjú mọ́ ọrùn mi.

"Kí ló wà lọ́rùn ẹ yìí?"

"Ooru ni, mà."

"Ooru kì í gbomi sínú báyìí."

Wọ́n sún sẹ́yìn, wọ́n ní kí àwọn ọmọdé jáde. Wọn ò dárúkọ ilẹ̀ẹ́gbóná, àìsàn tó ń pa ọmọ àti àgbà nígbà náà, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló mọ ohun tí wọ́n ń rò. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n tẹ́ ẹní mi sí. Àwọn èèyàn ń yọjú wò mí lójú fèrèsé. Èmi tí mo máa ń yẹ èékánná àwọn ọmọ iléèwé wò láàárọ̀, mo fi ìborùn bojú bí ẹni tó jalè.

Nígbà tí a ń lọ sí dìsípẹ́ńsárì, ọkùnrin mi ń lọ níwájú, mò ń tẹ̀ lé e lókèèrè.

Nọ́ọ̀sì wo àyà àti ẹ̀yìn mi. "Ibí ló pọ̀ sí, kò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Òmíràn ń yọ, òmíràn ti ń gbẹ. Ṣíkínpọ́ọ̀sì ni, kì í ṣe èyí tí ẹ̀ ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ó ń ràn o. Ẹ jókòó sílé títí gbogbo rẹ̀ á fi gbẹ."

Ìgbà yẹn ni ọkùnrin mi tó sún mọ́ mi, ó ní kí n gbé báàgì mi wá kí òun bá mi gbé e. Mi ò gbé e fún un.

Ilé ìyá mi n'Íkìrun ni mo lọ dùbúlẹ̀ àìsàn náà sí. Nígbà tí ara mi yá, ìyá ọkùnrin mi wá bá mi níbẹ̀.

"Má bínú, ọmọ mi. Ọmọ méjì ni àìsàn yẹn gbà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rù ló bà mí."

Mi ò lè gbójú sókè. Ojú ń tì mí, ojú ń ti àwọn náà. Ìyá mi ló bá mi sọ fún wọn pé kò sí ìbínú.

A ṣe ìgbéyàwó náà. Àmọ́ ó pẹ́ púpọ̀ kí n tó lè wọ yàrá kankan nínú ilé ìyá ọkọ mi láìkọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹnì kan tó ní kí n wọlé.