Ọmọ Tó Ń Kùn Kó Tó Kàwé

Òórùn ekuru òkúta ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí Mpape ní Àbújá, ekuru tó ń fẹ́ wá láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, tó ń bà lé ẹní tí a tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláṣí. Ibẹ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá ní ìwé kíkà lọ́jọ́ Sátidé. Ìwọ náà mọ àwọn ọmọ Àbújá, wọ́n ń gbọ́ èdè ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ. Mo bá fi orin kọ́ wọn. Bí mo bá ti ń gbé káàdì sókè níkọ̀ọ̀kan, a ó máa pàtẹ́wọ́: "Ilé la wà, omi la mu, iná la dá, iṣu la sè." Orí mi ń wú, àfi bíi pé èmi ni mo dá ìwé kíkà sílẹ̀.

Ọmọbìnrin ọmọ ọdún méje kan wà níbẹ̀ tí bàbá rẹ̀, bíríkìlà ará Ògbómọ̀ṣọ́, ti fẹ́ yọ kúrò. Ó ní olódo ni, kó kúkú máa bá ìyá rẹ̀ jókòó ní ìsọ̀ ní ọjà Wuse. Ojú ọmọ ló ti ń sọ ọ́, ọmọ sì ti ń gbà á gbọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù. Lọ́jọ́ kan, bàbá wá fojú ara rẹ̀ rí i. Ó da káàdì rú, ó fa ọ̀kan yọ, ó ní kó kà á. Iṣu ni. Ọmọ tẹjú mọ́ káàdì, ètè rẹ̀ ń mì, ó ń kùn lábẹ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ orin.

"Kai! Orin ló mọ̀, kò mọ̀wé."

Ojú tì mí, torí èmi gan-an kò da káàdì yẹn rú rí. Àmọ́ mo mọ̀ pé ilé kéú ni bàbá ti dàgbà.

"Àlàájì, ẹ má bínú. Súúrà tí ẹ mọ̀ jù, ẹ bá wa ka ẹsẹ rẹ̀ karùn-ún."

Ó fẹ́ mú un láti ẹsẹ karùn-ún, kò ṣe é ṣe. Ló bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ kìíní, ó ń kùn, ó ń fi ìka kà á. Ó dé ẹsẹ kẹta kó tó ṣàkíyèsí pé ètè òun àti ti ọmọ òun jọ ń mì ni.

"Iṣu," ni ọmọ wí.

Bàbá fa káàdì mìíràn yọ. Ọmọ tún kùn, ó tún gbà á. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa á lórí. "Ẹ jẹ́ kó máa kùn, Àńtí."

Ó kùn fún oṣù mélòó kan, títí tí kò fi nílò rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lára mi. Tẹ́lẹ̀, bí ọmọ bá ti dákẹ́ díẹ̀, mo ti sọ ìdáhùn fún un, àánú ni mo pè é. Bàbá yẹn fẹnu ara rẹ̀ pe ọmọ rẹ̀ ní olódo. Èmi tí n kì í dúró de ọmọ kankan, kí ni mò ń pè wọ́n?