Iyán Tí Wọ́n Ń Fi Etí Jẹ

Ó ti rẹ Ìyá Lọ́lá kí n tó mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 2005, èmi ni mò ń gbé oúnjẹ fún àwọn àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Ìkọ̀lé, òun ló sì ń gúnyán lẹ́yìn kíṣìnnì. Láti Ìsàn ló ti ń gun ọ̀kadà wá láràárọ̀. Bó bá dé, á jókòó sórí àpótí, á máa fọwọ́ tẹ èjìká rẹ̀, á sì kẹ́dùn kó tó dìde.

Nígbà tó yá, wọ́n mú ọ̀gá kíṣìnnì tuntun wá láti Èkó, Ọlátúbọ̀sún, onífìlà funfun gogoro. Ó ní gbogbo Nàìjíríà gbọ́dọ̀ lè jẹun lọ́dọ̀ wa. Kí n má parọ́, ọkùnrin náà mọ iṣẹ́. Ó ń se túwó, ó ń se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ àwọn ará Kàlàbá, ó ń se ọbẹ̀ ewúro àwọn Ìgbò. Ó ní ariwo odó kò yẹ ibi tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ó bá ra pọ́ńdò, ìyẹ̀fun iyán inú páálí. Ó ní kí Ìyá Lọ́lá máa já ẹ̀fọ́. Ẹ rò pé ó bínú? Inú rẹ̀ dùn! Èjìká rẹ̀ sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Àwọn ará Èkìtì wa ni kò jẹ́ kó pẹ́. Wọ́n á ka ìwé oúnjẹ náà dé ìsàlẹ̀, iyán náà ni wọ́n á ní àwọn fẹ́. Wọ́n á wá dẹtí. Bí wọn ò bá gbọ́ odó, wọn ò ní fọwọ́ láti jẹun. Obìnrin kan láti Ìpáò dá àwo padà fún mi.

Ó ní, “Uyán tí a ò gbọ́ ìró rẹ̀, níbo lẹ ti gún un?”

Ọlátúbọ̀sún bá pe Ìyá Lọ́lá. “Ìyá, ẹ padà sídìí odó. Pọ́ńdò náà la ó máa rò fún wọn. Ẹ ṣáà máa gún, kí wọ́n lè gbọ́. Bí ẹ ò bá fẹ́, kò síṣẹ́ mọ́.”

Ìyá Lọ́lá padà sídìí odó. Iṣu kan náà ló ń gún láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹlẹ́dẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Iyán nìkan ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n mọ́ ní Ìsàn.

Ó sọ fún mi pé, “Kíkẹ́, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹni tó mọ uyán mi á tọ́ ọ wò lọ́jọ́ kan. Wọ́n á ní èmi ni mo gún urú èyí, orúkọ mi á bàjẹ́.”

Ọjọ́ náà dé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, Tíṣà Olúwọlé, bá ọmọ rẹ̀ tó ti òkè òkun dé wá jẹun. Ìyá Lọ́lá bẹ̀ mí kí n fún bàbá náà ní túwó. Mo gbìyànjú, bàbá kọ̀. Ó dẹtí sí odó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìyàwó wa nìyẹn.” Ó fọwọ́. Ó jẹ pọ́ńdò náà tán, ó tún ní kí n bu òmíràn wá.

Lẹ́yìn náà ló wá sẹ́yìn kíṣìnnì. Ìyá Lọ́lá kúnlẹ̀ kí i.

Bàbá ní, “Ìyàwó, o kú uṣẹ́ o. Láti ọjọ́ tí o ti délé wa, o ò tí ì gún uyán tó dán tó èyí rí.”

Ìyá Lọ́lá dúpẹ́. Bàbá lọ tán, kò dìde.

“Ọgbọ̀n ọdún, Kíkẹ́,” ló ń wí. “Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gún un fún un.”

Àánú rẹ̀ ṣe mí dé egungun. Ọlátúbọ̀sún kígbe láti inú kíṣìnnì pé tábìlì mìíràn tún béèrè iyán. Ìyá Lọ́lá na ọmọ odó sí mi.

“Gbà, ìwọ gún un. Ẹnikẹ́ni lè gún èyí.”

Ó mú báàgì rẹ̀, ó lọ dúró de ọ̀kadà. Èmi tí n kò gúnyán tó kúnná rí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gún. Nínú ilé oúnjẹ, àwọn àlejò ń fọwọ́.