Ọjọ́ Tí Wọ́n Sẹ́ Ẹ̀jẹ̀ Hatsue

Ọ̀rẹ́ mi ni Hatsue. Òun àti Genzo ọkọ rẹ̀ ló ni ilé ìwẹ̀ tó wà létí èbúté ní ìlú Onomichi. Hatsue a máa gba àwọn oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà, Genzo a sì máa koná omi lẹ́yìn ilé. Bí o bá wọlé láìkí Hatsue, wàá gbọ́: "Ṣé ilé lo fi ẹnu sílẹ̀ sí ni?"

Nígbà tó yá, ikọ́ gbígbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Àwọn dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ń ní àpá, ó ń le. Ó ń lo oògùn, ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ, àfi ìgbà tí ọ̀fìnkìn mú un nígbà òtútù. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò lè mí dáadáa mọ́, ètè rẹ̀ ń di dúdú. Òkè ni ilé tí wọ́n ń gbé wà, mọ́tò kì í dé ibẹ̀. Genzo pọ̀n ọ́n, ó gba àtẹ̀gùn òkúta sọ̀kalẹ̀ lọ bá ọkọ̀ ilé ìwòsàn.

Oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ fún un kò ràn án. Dókítà Kuramochi, obìnrin kan tó máa ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀, wá bá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Bàbá, a fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ màmá jáde díẹ̀díẹ̀, ká jẹ́ kó gba inú asẹ́ kan kọjá. Ohun tó ń jó ẹ̀dọ̀fóró wọn á lẹ̀ mọ́ asẹ́ náà, ẹ̀jẹ̀ á sì padà sára wọn."

"Ṣé ara rẹ̀ á yá?"

"Mi ò ní tàn yín. Àpá àtijọ́ ò ní lọ. Iná tuntun yìí la fẹ́ pa. Ó máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́, kì í ran gbogbo èèyàn."

Genzo mirí. "Ẹ̀jẹ̀ wo ló kù lára obìnrin yìí tí ẹ fẹ́ fà?"

Hatsue gbé ìbomú afẹ́fẹ́ kúrò lẹ́nu. "Genzo... omi ilé ìwẹ̀ wa... ṣé o kì í sẹ́ ẹ ni?"

"Mò ń sẹ́ ẹ."

"Ta ni ìyẹn ti pa?"

Dókítà fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbà.

Genzo jókòó ti ẹ̀rọ náà, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ bó ṣe ń yí po nínú rọ́bà. Ó na ìka kan, ó fi kan rọ́bà náà. "Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́," ló sọ fún mi lẹ́yìn náà. "Ìgbà yẹn lọkàn mi balẹ̀ díẹ̀."

Ìgbà àkọ́kọ́, a ò rí ìyàtọ̀ púpọ̀. Wọ́n tún ṣe é. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fún un kù, díẹ̀díẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbé ògì ìrẹsì fún un, ó sì wo inú àwo. "Omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì nìyí. Ìrẹsì náà ńkọ́?" Genzo bọ́ sí ìta, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Kò lè gun òkè mọ́, torí náà wọ́n kó wá sí yàrá kan lẹ́bàá èbúté. Àgbá afẹ́fẹ́ kékeré kan ń tẹ̀ lé e káàkiri lórí táyà, kò sì gbọ́dọ̀ gbé e sún mọ́ iná. Àpá ṣì wà. Ó mọ̀.

Nígbà tí ọsàn pọ́n, àwa mẹ́ta wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí erékùṣù òdìkejì. Hatsue sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó rìn láti ibi tí ọkọ̀ já wa sí dé etí òkun. Ó bó ọsàn fún wa, a sì jókòó síbẹ̀ títí ọkọ̀ fi padà wá gbé wa.