Wọléwọlé Tó Ti Ìlẹ̀kùn Mọ́ Ìyá Rẹ̀

Bí ẹ bá bi àwọn ará Ìrẹmọ léèrè Adésọjí, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín ni pé kì í rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu iṣẹ́. Wọléwọlé ni, òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ní káńsù. Bó bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán nínú aṣọ káki rẹ̀, kíá làwọn obìnrin á ti máa gbá iwájú ilé wọn. Ilé àna rẹ̀ pàápàá, ó ti fún wọn níwèé rí nítorí gọ́tà tó dí. Ẹni tó bá ní aláìláàánú ni, irọ́ ló pa. Kò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan ní ààbọ̀ ni.

Ìyá rẹ̀, Màmá Àníkẹ́, kò jọ ọ́ rárá. Ọ̀rọ̀ sísọ ni oúnjẹ màmá yìí. Bó bá ti wẹ̀ tán láàárọ̀, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn tó dojú kọ títì, á máa kí tọmọdé tàgbà. Ọlọ́kadà ń sáré kọjá, á dá a dúró, á bi í bóyá ìyàwó rẹ̀ ti bí. Alhájà Fàòsíyà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà ọmọge, a sì máa ti Ìlàrè wá lójoojúmọ́. Wọ́n á jọ jẹ ọ̀sán, wọ́n á jọ máa bú àwọn ọkọ wọn tó ti kú, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín bí ọmọge.

Kòrónà wá dé. Ìjọba ní kónílé ó gbélé. Káńsù kó àwọn wọléwọlé jáde pé kí wọ́n fín oògùn sọ́jà, kí wọ́n gbé omi àti ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n sì máa fi gbohùngbohùn kìlọ̀ fáráàlú pé àwọn arúgbó ni àrùn náà ń pa jù. Adésọjí ló fi ẹnu ara rẹ̀ pariwo ọ̀rọ̀ yìí kiri, òun ni ẹ̀rù rẹ̀ sì kọ́kọ́ bà. Bó ṣe délé báyìí, ó mú ìyá rẹ̀ kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó mú un lọ sí yàrá ẹ̀yìn.

"Adésọjí, kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Màmá. Àrùn ló wà níta. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ yín o."

"Ìwọ náà ńkọ́?"

"Èmi gan-an ni kí ẹ sá fún jù. Inú èrò ni mò ń wà látàárọ̀."

Láti kékeré, kò sí àárọ̀ kan tí Adésọjí kì í dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀ kó tó jáde, tí màmá á sì kì í ní oríkì títí orí rẹ̀ á fi wú. Ó pa ìyẹn tì, ó sì ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ ọn. Ojú fèrèsé ló ti wá ń kí i, pẹ̀lú ìbòmú lẹ́nu. Bọ́látitó, ìyàwó rẹ̀, á ṣílẹ̀kùn díẹ̀, á gbé oúnjẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á tún tì í, á sì yára pẹ̀yìn dà, torí bí ọkọ ṣe pa á láṣẹ nìyẹn.

Alhájà Fàòsíyà gbé mọ́ínmọ́ín wá lọ́jọ́ kan. Adésọjí dá a dúró lẹ́nu géètì.

"Mo ti bomú, ọmọ mi. Ojú fèrèsé náà ni màá dúró sí."

"Ẹ má bínú, Mà. Bí mo bá gbà yín láyè, kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn tí mò ń lé kiri?"

Alhájà gbé mọ́ínmọ́ín rẹ̀, ó padà sí Ìlàrè. Màmá Àníkẹ́ ti gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti inú yàrá. Ó pè é títí, kò rí ẹni dá a lóhùn.

Nígbà tó yá, ìjọba ṣí ìlú. Ọjà kún, mọ́sálááṣí kún, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Adésọjí kò ṣílẹ̀kùn. Ó ní àrùn náà tún ń padà bọ̀. Ó padà wá lóòótọ́, ó sì tún lọ, ọkùnrin yìí ò ṣílẹ̀kùn. Orí kunkun wo nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn?

"Bàbá Ìmísí, Màmá ti ń bá ògiri sọ̀rọ̀ o," Bọ́látitó wí.

"Àdúrà ni wọ́n ń gbà."

Àdúrà kẹ̀! Kò pẹ́ tí màmá kò bá ògiri sọ̀rọ̀ mọ́. Ìgbà yẹn ni àyà Adésọjí tó já. Ó sáré mú un padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń kí i, ó kàn ń wò wọ́n bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí ni. Dókítà ní ọjọ́ orí lè fà á, pé àìrẹ́nibásọ̀rọ̀ sì lè dá kún un. Ìdajì tó kẹ́yìn nìkan ni Adésọjí gbọ́. Kò lè jẹun, kò lè sùn dáadáa, àbámọ̀ ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, káńsù ní àwọn fẹ́ tún ìlú tò. Wọ́n kọ́ ìsọ̀ fáwọn ọlọ́jà, wọ́n sì pe àwọn arúgbó àdúgbò sí gbọ̀ngàn kí wọ́n yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn wò, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n fojú kan ara wọn. Ta ni wọ́n ní kó mójú tó o? Adésọjí! Ẹni tó tú wọn ká ni wọ́n ní kó kó wọn jọ. Síbẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Bóyá bí Màmá bá rí ọ̀rẹ́ rẹ̀, iyè rẹ̀ á padà bọ̀. Ó gba Ìlàrè lọ, ó dọ̀bálẹ̀ fún Alhájà, ó bẹ̀ ẹ́ kó wá.

"Dìde," Alhájà ní. "Nítorí Àníkẹ́ ni màá ṣe wá. Kì í ṣe nítorí tìẹ."

Nígbà tọ́jọ́ pé, wọ́n fi àga àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ti ara wọn ní gbọ̀ngàn. Alhájà na ọwọ́, ó di ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú. "Àníkẹ́! Èmi Fàòsíyà rẹ nìyí."

Màmá já ọwọ́ gbà, ó fi etí gèlè bo imú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sún mọ́ mi."

Omi bọ́ lójú Alhájà. Adésọjí kò lè mú un mọ́ra. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú gbogbo èèyàn, tòun ti káki rẹ̀.

"Màmá, èmi ni. Adésọjí ni. Ẹ kì mí."

Màmá wo káki náà dáadáa, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

"Ọ̀gá wọléwọlé, ẹ dìde nílẹ̀. Ẹ̀yin àti ọmọ mi lẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní káńsù, àbí? Ẹ bá mi sọ fún un pé mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu o. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ mi. Kó wá ṣílẹ̀kùn fún mi."