Láìnì Kẹta Àdúgbò Wa

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, ló ní kí n yọ fírísà mi kúrò lára láìnì kẹta. Mo yọ ọ́.

Àdúgbò kan lẹ́yìn Ọjà Ọba l'Óṣogbo là ń gbé, ẹja inú yìnyín ni mo sì ń tà. Látìgbà tí epo bẹntiróòlù ti gbówó lórí, jẹnẹrétọ̀ mi ti di ibi tí adìyẹ ń sùn. Iná òpó nìkan ló kù, ẹ sì mọ bí iná òpó ṣe ń ṣe wá. Láìnì mẹ́ta ló jáde lára tiransifọ́má wa. Méjì nínú wọn ò lágbára, gílóòbù á kàn pọ́n bí ojú ọ̀mùtí. Ẹ̀kẹta nìkan ló dáa. Bí ẹnì kan bá sì yí wáyà ilé rẹ̀ sórí láìnì tó dáa, kó tó di ọjọ́ kejì, gbogbo àdúgbò á ti tẹ̀lé e, ìyẹn náà á sì já. Bá a ṣe ń bá a yí nìyẹn, ká yí wáyà lónìí, kó já lọ́la.

Ẹ̀gbọ́n mi ni alága ẹgbẹ́ onílé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì. Láràárọ̀, á jókòó síwájú ilé pẹ̀lú rédíò, á máa bú àwọn òyìnbó. "Wọ́n sun èédú, wọ́n sun epo, títí wọ́n fi là! Wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó gáàsì wa lọ sílé ara wọn, àwa wà nínú òkùnkùn, wọ́n tún wá ń sọ pé ká rọra lo èyí tó kù. Ẹni tó bá di iná mú ló di ayé mú, àbúrò mi!" Èmi á sì máa mi orí. Ta ni ìbá mọ̀?

Lọ́jọ́ kan, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní tiransifọ́má yẹn ò lè gbé gbogbo wa, ká kúkú fi láìnì kẹta sílẹ̀ fún ilé ìwòsàn kékeré tí nọ́ọ̀sì kan dá sílẹ̀ ládùúgbò, nítorí àwọn aboyún àti ọmọ tuntun. Ó ní bí èmi bá kọ́kọ́ yọ tèmi, tí mo sì bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀, wọ́n á gbọ́, torí àwọn èèyàn fẹ́ràn mi. Orí mi wú. Mo yọ fírísà mi, mo gbé gèlè lé orí, ó di ojúlé dé ojúlé. Mo bá alágbàfọ̀ sọ̀rọ̀. Mo bá télọ̀ sọ̀rọ̀. Mo wá kan ọkùnrin kan tó ń jó irin, ará Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, onísùúrù èèyàn, ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó wò mí títí. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ̀yin náà ti yọ tiyín?" Mo ní, "Wàláì, mo ti yọ ọ́." Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó gbé àkàbà, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ já wáyà rẹ̀.

Àtìgbà náà ni ẹja mi ti ń rà. Òórùn lé àwọn oníbàárà lọ, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Mo ń sọ fún ara mi pé sàárà ni mo fi ṣe. Ará Ìpetu ò ríṣẹ́ ṣe mọ́, ó kó ẹrù àti ìyàwó padà sí oko kòkó bàbá rẹ̀.

Ààwẹ̀ dé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá ṣínu lọ́dọ̀ àwọn. Omi tó kọ́kọ́ gbé fún mi, yìnyín ń dún nínú ife. Mo ní, "Níbo lẹ ti rà á?" Ẹ̀rín pa á. "Rà kẹ̀? Inú fírísà wa ni. Látìgbà tẹ́ ẹ ti yọ tiyín, iná wa ò kú mọ́." Kò tilẹ̀ mọ̀ pé àṣírí lòun ń tú. Mo gbé ife náà sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá nọ́ọ̀sì. Ó ní ọmọ òun ti bá òun gbé sólà sórí ilé láti ọdún tó kọjá, òun ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó fi láìnì kankan sílẹ̀ fún òun.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà!

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi nídìí rédíò. Kò sẹ́. Ó kàn yí ohùn rédíò wálẹ̀. "Bí gbogbo yín bá wà lórí ẹ̀, ṣé ó máa gbé e? Ẹnì kan á ṣáà lò ó. Ará Ìpetu lo fẹ́ kó máa lò ó ni?"

"Èmi ńkọ́? Ọmọ ìyá yín ńkọ́?"

"Fírísà tìẹ ló ń fa iná jù."

Háà! Mo ní, "Àwọn òyìnbó tẹ́ ẹ̀ ń bú láràárọ̀ yẹn, àwọn lọmọ ìyá yín, kì í ṣe èmi." Mo yíjú, mo lọ. N ò tíì padà débẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo wọkọ̀ lọ sí Ìpetu. Mo bá ọkùnrin yẹn níbi tó ti ń sá kòkó lẹ́bàá títì. Kí n tó kúnlẹ̀, ó ti gbá mi mú. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un pátá, omi ń dà lójú mi. Mo rò pé á bínú. Ó kàn ń fọwọ́ tẹ́ kòkó lọ ní tirẹ̀.

Ó ní, "Màmá, gbogbo wa la mọ̀ pé irọ́ ni alága ń pa. Kò sẹ́ni tó ń gbà á gbọ́ ládùúgbò yẹn. Torí pé ẹ̀yin lẹ wá la ṣe já wáyà."

Ẹ̀gbọ́n mi mọ bẹ́ẹ̀. Ìdí tó fi rán mi nìyẹn.