Ewé Tí Wọ́n Ń Dà Nù ní Igolo

Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ló tọ́ mi dàgbà ní Tchaada. Lójú tiwọn, ọmọbìnrin tí kò bá fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ kò tíì kí ènìyàn. Wọn kì í gba ìkí àwọn ọmọ ìsinsìnyí, tí wọ́n á kàn tẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tí kòkòrò bù jẹ. Bí mo bá kúnlẹ̀, Ìyá Àgbà á gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n á máa wúre títí ẹsẹ̀ á fi máa ro mí. Nígbà tí ojú wọn fọ́, orí mi yẹn àti ohùn mi ni wọ́n fi ń mọ̀ pé èmi ni mo dé.

Ìdí rèé tí ẹ̀rù fi bà mí nígbà tí làkúrègbé wọ orúnkún mi. Olùkọ́ ni mí, ọdún púpọ̀ ni mo fi dúró níwájú pátákó ní Ifangni. Mo ṣì lè rìn, mo lè jókòó sórí àga, ṣùgbọ́n kíkúnlẹ̀ kọ̀ fún mi. Ọjọ́ tí mo dán an wò nínú yàrá, ọkọ mi ló fà mí dìde bí àpò gààrí. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn ná.

Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ lórí rédíò pé àwọn onímọ̀ ń yẹ ewé àti èèpo ẹ̀fọ́ tí a ń dà nù wò, pé ó ṣeé ṣe kí ohun tó lè dáàbò bo oríkèé wà nínú wọn. Mi ò dúró gbọ́ ìyókù. Nígbà tí ọjà ná, mo ti wà ní Igolo lẹ́yìn àwọn oníkábéèjì, mò ń ṣa ewé ìta tí wọ́n ń já sọnù.

"Maman, ẹ ń sin ehoro ni?" ọ̀kan nínú wọn bi mí.

"Ehoro náà rèé," mo ní, mo sì na ẹsẹ̀ mi sí i.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn obìnrin yẹn ti ń kó ewé pa mọ́ dè mí. Mo ń sè é pọ̀ mọ́ èèpo àlùbọ́sà, mo ń mu omi rẹ̀. Òórùn gba gbogbo ilé. Ọkọ mi ní òun ò mọ̀ pé ewúrẹ́ lòun fẹ́.

Agídí mi wá wọ ọ̀rọ̀ náà. Mo ní mi ò ní lọ sí Tchaada àfi bí mo bá lè kúnlẹ̀. Kí n dúró lórí ìyá tó tọ́ mi bí ọlọ́pàá? Ó tì o. Bí iṣẹ́ bá dé pé Ìyá Àgbà ń béèrè mi, màá fi ẹja ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, òjò dé.

Ọmọ mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, ló là á yé mi. "Maman, àwọn onímọ̀ yẹn ṣì ń wádìí ewé náà. Ṣùgbọ́n ààbò ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe àtúnṣe. Orúnkún tó ti gbó, ó ti gbó nìyẹn. Ẹ lọ kí Ìyá Àgbà lórí ìdúró."

Inú bí mi sí i. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí n tó gun ọ̀kadà zémidjan lọ sí Tchaada.

Ìyá Àgbà jókòó lórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin tó ń tọ́jú wọn sọ fún mi pé etí wọn ṣì dáa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní báyìí, bí a bá pariwo, wọ́n á gbọ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohùn ẹnikẹ́ni mọ́. Ó dùn mí wọra. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Obìnrin náà pariwo sí wọn létí pé mo dé. Ojú wọn tàn. Wọ́n na ọwọ́ síwájú, sísàlẹ̀, níbi tí orí mi máa ń wà, wọ́n ń wá mi kiri. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, orúnkún kọ̀. Mo bá di ọwọ́ náà mú, mo gbé e lé orí mi lókè.

Ìyá Àgbà fa ọwọ́ wọn padà.

"Má tàn mí jẹ," wọ́n sọ fún obìnrin náà. "Eléyìí ga jù. Bí ọmọ mi bá dé, á kúnlẹ̀."

Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kó bu oúnjẹ mi sílẹ̀ dè mí di ìgbà tí mo bá dé.