Ọ̀sẹ̀ Mẹ́jọ Sikiratou

Kí Waliou tó gbé ọmọ náà sínú omi, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó sì ki ìgúnpá bọ inú ọpọ́n. Ó dúró díẹ̀, ó ń wo ògiri. Ó bu omi tútù kún un, ó tún ki ìgúnpá bọ̀ ọ́. Ìgbà náà ló tó fi ọwọ́ òsì gbá orí ọmọ mú, tó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kò mọ ooru mọ́. Láti ìgbà tó ti jẹ́ ọmọ ogún ọdún ló ti ń ro ọṣẹ ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ ìjọba tó wà ní ìsàlẹ̀ Àjàṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sà. Súùdù, oògùn líle tí wọ́n ń pò mọ́ epo kó tó di ọṣẹ, ti jẹ ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi le bí èèpo igi. Obìnrin Ègùn kan tó ń gbé yàrá kejì ló kọ́ ọ ní ti ìgúnpá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Waliou fẹ́ wẹ ọmọ, obìnrin náà fi ìka kan omi wò, ó pariwo, ó sì da gbogbo rẹ̀ sí àgbàlá.

Fadilatou ni wọ́n sọ ọmọ náà. Sikiratou, ìyá rẹ̀, bí i ní òwúrọ̀ Alámísì, ó sì kú ní ọjọ́ kejì. Ẹ̀jẹ̀ ni kò dá. Nígbà tí àlejò wá síbi ìsọmọlórúkọ, wọn kò mọ èyí tí wọn ó kọ́kọ́ kí Waliou, ẹ kú ewu ọmọ ni, àbí ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ó ń dáhùn méjèèjì.

Ilé iṣẹ́ kan náà ni tọkọtaya náà ti ń jẹun. Waliou wà nídìí ìkòkò. Sikiratou wà nídìí tábìlì gígùn tí àwọn obìnrin ti ń fi ìwé di ọṣẹ, àga rẹ̀ kan ti obìnrin kan tó ń jẹ́ Odile. Ọdún kejì nìyẹn tí orílẹ̀-èdè ti bọ́ orúkọ Dahomey sílẹ̀ tó di Bénin. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní kómítè, gbogbo ènìyàn sì ń jẹ́ kamaráàdì, láti orí dírẹ́ktẹ̀ dé orí ẹni tó ń gbálẹ̀.

Obìnrin tó bá lóyún ní ìsinmi tí wọ́n ń sanwó rẹ̀, kónjé ọmọ: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó bí, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ́yìn tó bá bí. Ti bàbá kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Waliou ti lo ọjọ́ ìbímọ àti ọjọ́ ìsìnkú tán, ó sì ti padà sídìí ìkòkò. Obìnrin Ègùn yàrá kejì ń bá a bójú tó ọmọ, ṣùgbọ́n ẹja yíyan ló ń tà, ó sì gbọ́dọ̀ dé ọjà kí oòrùn tó mú. Bí kò bá sí nílé, ẹni tó bá wà nítòsí ni yóò gbé ọmọ.

Nígbà tí Abibatou, ẹ̀gbọ́n Sikiratou, rí èyí, ó ní òun yóò gbé ọmọ lọ sí Kraké, lẹ́nu ibodè, níbi tó ti ń ta aṣọ fún àwọn tó ń kọjá sí Nàìjíríà. Kò sí ìjà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tí gbogbo ẹ̀gbọ́n ń ṣe ló fẹ́ ṣe.

Waliou ní kó dúró díẹ̀.

Òun náà ti jẹ́ ọmọ tí wọ́n gbé lọ rí. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí kò tíì rìn, wọ́n sì gbé e fún àbúrò bàbá rẹ̀ kan ní Sèmè-Kpodji, ní ẹ̀bá òkun. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ó jẹ ẹja, ó lọ sílé kéwú. Nígbà tó padà sí Àjàṣẹ́ pẹ̀lú irùngbọ̀n, bàbá rẹ̀ dìde fún un, ó fa àga fún un, ó ní kí wọ́n bu omi wá fún àlejò.

Ní Sátidé, gbogbo òṣìṣẹ́ lọ sí oko. Ìjọba ti ní kí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa gbin nǹkan, ti ilé iṣẹ́ ọṣẹ sì jẹ́ àgbàdo, lójú ọ̀nà Sèmè. Wọ́n kọ ebè títí oòrùn fi gòkè, lẹ́yìn náà wọ́n jókòó sábẹ́ igi àgbọn fún ìpàdé. Théophile, akọ̀wé ilé iṣẹ́, ni alága kómítè. Ó ti yí ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, amọ̀ sì ti gbẹ mọ́ ojúgun rẹ̀. Ó gbé ìkúùkù sókè.

"Ehuzu!"

"Dan dan!" ni wọ́n dáhùn, gẹ́gẹ́ bí àwọn Fọ̀n ṣe ń sọ ọ́: ó ti yí padà, ó ti yí padà dandan. Àwọn kan fi gaàrí dí ẹnu dáhùn.

"Kamaráàdì Waliou ní ọ̀rọ̀ sọ. Kó ṣe é ní kúkúrú."

Waliou dìde. Ọkọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ Sikiratou ṣì wà nílẹ̀," ó ní. "Kò lò ó. Mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ kí n lò ó."

Théophile fi ọwọ́ nu iwájú orí.

"Kamaráàdì, kónjé kì í ṣe ogún."

"N ò pè é ní ogún."

"Ìyá ni òfin kọ. Kí ara rẹ̀ lè padà bọ̀ sípò ni wọ́n ṣe fún un."

"Ara rẹ̀ ti wọ ilẹ̀. Ọmọ ló kù, ọrùn rẹ̀ kò sì tíì dúró. Bí ọrùn rẹ̀ bá dúró, màá padà sẹ́nu iṣẹ́."

Moumouni àgbà, tó ń yí àgbá epo, gbọn orí.

"Waliou, ta ló sọ fún ọ pé obìnrin ti tán láyé? Fẹ́ òmíràn lọ́jọ́ Jímọ̀, kó gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ ní Sátidé, kí ìwọ gba ọ̀pá ìrọṣẹ rẹ lọ́jọ́ Ajé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ẹ bá mi wá a nígbà náà, Bàbá Moumouni."

"Ṣé kí n tún máa wá a kiri ni? Méjì ń bá mi jà nílé. Wá mú èyí tó bá wù ọ́."

Ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé Waliou fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Hilaire dìde. Kò tíì pé ọdún kan tó dé láti ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó sì mọ ìwé ìjọba lórí.

"Ẹ̀yin kamaráàdì, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ nìyí. Ìyípadà ní ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba. Bí obìnrin bá lè ro ọṣẹ, ọkùnrin lè tọ́ ọmọ. Kì í ṣe ti Waliou nìkan. Ó yẹ kí gbogbo bàbá ní kónjé, kí tọkọtaya pín in láàárín ara wọn!"

"Hilaire."

Odile ló pè é. Kò dìde. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje, ó na ẹsẹ̀ sórí ebè.

"Mà?"

"Ṣòkòtò tó wà nídìí ẹ yìí, ta ló fọ̀ ọ́?"

Àwọn obìnrin tó ń di ọṣẹ bú sẹ́rìn-ín. Hilaire wo ṣòkòtò rẹ̀.

"Ìyá mi ni."

"Jókòó." Odile yíjú sí Théophile. "Ẹ gbọ́ èyí tó sọ. Ó ní kí wọ́n pín in. Ta ni wọ́n fẹ́ pín tirẹ̀? Tèmi ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kò pọ̀, gbogbo yín mọ̀. Augustin, ọmọ mi àkọ́kọ́, nígbà tí mo bí i, mo padà sídìí tábìlì, ìdúró kò ṣeé dúró fún mi. Bí a bá sọ lónìí pé ọ̀sẹ̀ yìí ṣeé gbé fún ọkùnrin, lọ́la ọkọ mi á ní kí n fún òun ní méjì níbẹ̀. Á gbà á, á gbé e lọ sídìí ayò. Èmi á wá síbí, wàrà á máa ro sí mi láyà, màá máa di ọṣẹ."

"Waliou kì í ta ayò," ni ẹnìkan sọ.

"Mo mọ̀ pé kì í ta á. Ẹ̀gbẹ́ mi ni ìyàwó rẹ̀ jókòó sí." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Àmọ́ kò sí ẹni tó ń kọ òfin fún Waliou nìkan."

Waliou wò ó. Ó yí ọkọ́ padà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi ò gba tiyín," ó ní. "Ti ẹni tó ti lọ ni mo bèèrè."

Théophile ní kí wọ́n nawọ́. Hilaire nawọ́ fún Waliou. Moumouni náà nawọ́, ó sì wo àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí ń wá ìjà. Ọwọ́ díẹ̀ mìíràn gòkè. Nígbà tó kan àwọn tí kò gbà, ọwọ́ pọ̀. Ti Odile ló gòkè kẹ́yìn, ó sì ń wo ilẹ̀.

Kí wọ́n má bàa ní wọn kò ṣe nǹkan kan, Théophile rántí pé òfin fún ìyá ọmọ ọwọ́ ní wákàtí kan lóòjọ́ láti lọ fún ọmọ lọ́mú. Ó ní kí wọ́n fún Waliou ní wákàtí náà.

"Ọmú èwo?" ni obìnrin kan bèèrè.

"Bíbéròǹ," ni Waliou sọ. "Wàrà agolo."

Gbogbo wọn gbà. Waliou dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Tokpota ni Waliou ń gbé. Ẹni tó bá yára láti ìdí ọ̀sà dé ibẹ̀, tó sì yára padà, wákàtí náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń rí i tó ń sáré gun òkè lọ, òórùn ọṣẹ lára rẹ̀, tó sì ń sáré sọ̀ padà. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù Tokpota mọ ìṣísẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ó dé, ó bá Fadilatou lórí ẹní lọ́wọ́ ẹnìkan tí kò mọ̀ rí, tó kàn wá ra ẹja. Ọmọ náà ti ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó gbé e, ó fún un ní wàrà. Nígbà tó padà dé ìdí ìkòkò, ọṣẹ ti jóná nísàlẹ̀.

Abibatou wá ní ọjọ́ Àìkú. Ó mú aṣọ titun méjì wá fún ọmọ, ó sì bá Waliou jókòó nígbà tó ń wẹ̀ ẹ́. Ó wo ìgúnpá nínú omi.

"O mọ̀ ọ́n wẹ̀," ó ní.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n."

"Ọjọ́ Àìkú lò ń wẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ Ajé ńkọ́?"

"Mo máa ń wẹ̀ ẹ́ kí n tó lọ."

"Bó o bá wá lọ tán?"

Waliou ń di aṣọ mọ́ ìdí ọmọ.

"N kò bá ọ jà, Waliou. Ọmọ àbúrò mi ni, ọmọ rẹ sì ni. Àmọ́ ilé iṣẹ́ pè ọ́, o lọ. Bó bá pè ọ́ lọ́la, wàá tún lọ." Ó dìde, ó ṣán aṣọ rẹ̀. "Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹrù tó ń bọ̀ ní Àjàṣẹ́. Èmi náà ò ní padà sí Kraké lónìí. Lọ́sàn-án ọ̀la, màá yà síbí. Bí mo bá bá ọmọ lọ́wọ́ rẹ, ọmọ rẹ ni, n kò ní sọ ọ́ mọ́ láé. Bí mo bá bá a lọ́wọ́ ẹlẹ́ja, mo ń gbé e lọ."

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí fèrè tó dún, àwọn obìnrin tó ń di ọṣẹ ń wọlé ní méjì-méjì. Waliou dúró lẹ́nu géètì. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi aṣọ Sikiratou kan tó ní òdòdó pupa pọ̀n ọ́n, ó sì so ó ní iwájú bí obìnrin ṣe ń so ó. Àwọn ọmọ iléèwé tó ń kọjá dúró, wọ́n ń nàka. Ọ̀kan kígbe pé, "Bàbá ọlọ́mọ!" àwọn yòókù sì gbè é.

Odile dé kẹ́yìn, nítorí ìrìn ti ń ni ín lára. Ó rí aṣọ náà kó tó rí ọkùnrin náà.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Augustin," ni Waliou sọ.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Fadilatou."

Kò sí ẹni tó ti pè é bẹ́ẹ̀ ní ilé iṣẹ́ rí. Waliou ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá súùdù jáde. Òun nìkan ló ń mú un láti ìgbà tí wọ́n ti fi ṣe olórí ìkòkò.

"Ẹ bá mi fún Théophile."

Odile gba kọ́kọ́rọ́ náà. Ó wò ó nínú ọwọ́ rẹ̀.

"Wọ́n á fi ẹlòmíràn sí i o. Wọn ò ní dúró dè yín."

"Mo mọ̀."

"Mo nawọ́ takò yín ní Sátidé yẹn."

"Mo rí i."

Fèrè dún nínú ọgbà. Odile kò wọlé. Ó ń wo ẹ̀yìn Waliou, níbi tí orí ọmọ ti yọ kúrò nínú aṣọ, tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Kò tíì pé ogójì ọjọ́," ó ní. "Ọrùn rẹ̀ kò tíì gbó. Ẹ yíjú."

Waliou yíjú. Odile ti kọ́kọ́rọ́ bọ àyà ẹ̀wù rẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lè ṣófo. Ó fa aṣọ náà sókè títí ó fi bo etí ọmọ, ó fi ọwọ́ kan gbé orí sí àárín ẹ̀yìn bàbá rẹ̀, ó ki etí aṣọ bọ abẹ́ apá Waliou, ó sì tún fà á kó le.

"Ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀ bẹ́ ẹ bá ń rìn."

Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ó kọjá láàárín àwọn ọmọ iléèwé, ó sì gba ọ̀nà òkè lọ sí Tokpota. Kò sáré.